Ọmọ mi ń lọ Ìjẹ̀bú-Òde: ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọ?

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Dublin ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ọmọ wa obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà fẹ́ lọ lo ọdún méjì lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó gbọ́ Yorùbá, òun la ń sọ nílé. Ilé-ìwé kan wà nítòsí ìyá mi tí wọ́n ṣì ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ọkọ mi ní òyìnbó rẹ̀ á bàjẹ́, pé ìjọba pàápàá ti fagi lé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Kí ni kí n ṣe?

*

Arábìnrin mi, ẹ fi í síbẹ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tó ń ba ọkọ yín lẹ́rù ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán wò láti ọdún 1970, ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ẹgbẹ́ wọn bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn tó fi Yorùbá parí kò rẹ̀yìn rárá, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú ló ń kọ́ wọn ní èdè náà lọ́tọ̀. Tí ilé-ìwé yẹn kò bá ní irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ọkọ yín tọ́.

Èmi ṣe òdìkejì. Láti Toronto ni mo ti mú ọmọkùnrin mi wá sọ́dọ̀ màmá mi ní Ìperu, mo sì fi í sí ilé-ìwé aládàáni kan ní Ṣágámù tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ fanakúlà, ìyẹn Yorùbá. Láàárín oṣù méjì, ọmọ tó máa ń rojọ́ fún ìyá àgbà ti di odi. Ebi á máa pa á, á máa fọwọ́ bo ẹnu. Ó ṣì ń dùn mí di òní.

Gàrí ni màmá mi fi tú u lẹ́nu. Á ní kó máa ka kóńgò fún òun. Lọ́jọ́ kan ó béèrè ìdí tí a fi ń pe nǹkan ní méjìdínlógún. Màmá mi ka ogún èkùrọ́ sílẹ̀, ó mú méjì kúrò: "Èló ló kù?" Ìyọkúrò tí kò yé e lọ́dọ̀ olùkọ́ yé e lórí ẹní yẹn.

Ní ti ìjọba, láti 1977 ni ètò ẹ̀kọ́ wa ti ní kí a fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì nà án dé ọdún mẹ́fà ní 2022. Ilé-ìwé tó ń gba ìtanràn yẹn kò fìgbà kankan kà á sí. Kí wọ́n tó fagi lé e ni ọ̀pọ̀ ti pa á tì.

Ẹ tún rántí pé Ìjẹ̀bú ni ìyá yín á máa sọ, Yorùbá inú ìwé ni olùkọ́ á máa sọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún ọmọ náà pé ìyá àgbà ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Méjèèjì ni kó gbọ́.

Kí bàbá rẹ̀ sì máa ka ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì fún un lórí fóònù kó tó sùn. Ìyẹn á fi ọkàn òun náà balẹ̀.