Ṣé Àwòrán Ilẹ̀ Tó Mọ́ Kedere Ló Péye?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n fi dúróònù ya ilẹ̀ ẹbí wa ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta. Wọ́n ní àwòrán náà jẹ́ ti sẹ̀ǹtímítà 5, àmọ́ odi wa lórí rẹ̀ fi mítà kan yàtọ̀ sí ti sọ̀fíọ̀. Èwo ni ká gbà?

Ìdáhùn: Ẹ di ti sọ̀fíọ̀ mú. Sẹ̀ǹtímítà 5 yẹn ni fífẹ̀ ilẹ̀ tí ẹyọ píksẹ́lì kan (ọ̀kan nínú àwọn tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán) bò. Ó ń sọ bí kúlẹ̀kúlẹ̀ ṣe hàn tó, kò sọ bóyá ohun tó hàn wà ní ipò rẹ̀ gan-an. GPS lásán tó wà nínú dúróònù lè fi mítà mélòó kan ṣì, gbogbo àwòrán á sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó ti wù kó mọ́ tó.

Òkè àti àpáta ìlú wa tún dá kún un. Bí lẹ́ǹsì tí ìwọ̀n ìfojúsùn rẹ̀ (bó ṣe jìnnà tó sí ibi tí àwòrán ti ń hàn nínú kámẹ́rà) jẹ́ mìlímítà 152 bá ya àwòrán láti mítà 1,520 sókè ilẹ̀, ìwọ̀n àwòrán yóò jẹ́ 1:10,000, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí àwòrán dúró fún mítà 100 lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí àpáta tó fi mítà 100 ga ju pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà lọ, ó di nǹkan bíi 1:9,340, nítorí pé orí àpáta sún mọ́ kámẹ́rà, ohun tó wà níbẹ̀ á sì tì síta kúrò láàárín àwòrán. Nítorí náà, ẹ má fi rúlà wọn ààlà lórí àwòrán tí a kò tíì tún ṣe ní ìbámu pẹ̀lú gíga ilẹ̀.

Ẹ bi ayàwòrán náà bóyá ó lo àmì ilẹ̀ tí sọ̀fíọ̀ ti wọn ipò wọn, kí ó sì fi àmì mìíràn tí kò lò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lójú yín.