Kòsọ́kọ́ kì í ṣe orúkọ ìṣẹ́

Ìbéèrè: Orúkọ ìdílé wa ni Kòsọ́kọ́. Àwọn kan ní ìṣẹ́ ta baba ńlá wa débi pé kò ní ọkọ́ tí yóò fi dáko, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe òótọ́. Ọkọ́ inú orúkọ yín kì í ṣe ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè, ọkọ́ tí a fi ń gbẹ́ sàréè ni, ọmọ àbíkú ni wọ́n sì ń fi orúkọ náà bá wí.

Láyé àtijọ́, bí obìnrin kan bá bímọ tí ọmọ náà kú ní kékeré, tí ó tún bí òmíràn tí ìyẹn náà tún lọ, àwọn àgbà a gbà pé ọmọ kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀, nítorí pé ó ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run dá májẹ̀mú ọjọ́ tí yóò padà. Wọn a ṣe ètùtù, wọn a so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe wa ní àbíkú sọ olóògùn dèké, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó sábà máa ń kù fún òbí. Lónìí, àwọn oníṣègùn a máa tọ́ka sí ibà àti àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Ohùn tí àwọn òbí fi ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ kò dọ́gba. Ẹ̀bẹ̀ ni Málọmọ́, Dúrójayé àti Bánjókòó. Dúrósinmí ń rán ọmọ létí pé òun ni ó yẹ kí ó sin òbí rẹ̀, kì í ṣe pé kí òbí máa sin ín. Igbókọ̀yí ní igbó tí wọ́n ń gbé òkú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ pàápàá ti kọ̀ ọ́. Akísàátán ní àkísà tí wọn ì bá fi dì í ti tán nílé. Ẹ̀gbẹ́ orúkọ méjì tí mo dá kẹ́yìn yìí ni Kòsọ́kọ́ wà: bí o bá kú, kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ fún ọ mọ́. Ẹni tí kò bá mọ ìbànújẹ́ abiyamọ lè pe èyí ní ìkà. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀, nítorí ìyá tí ó ń fi orúkọ yìí pe ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ohun kan ṣoṣo ni ó ń wá, kí ọmọ náà má lọ.

Orúkọ náà kò sì jẹ mọ́ tálákà. Ọba Èkó kan jẹ́ Kòsọ́kọ́: ó gorí ìtẹ́ ní 1845, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ojú omi lé e kúrò ní oṣù Kejìlá 1851, ó sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó sì padà wá kú sí Èkó ní 1872.

Tẹ́lẹ̀ rí, Yorùbá kì í ní orúkọ ìdílé lọ́nà tí a gbà ń lò ó báyìí. Oríkì orílẹ̀ ni a fi ń mọ ìdílé ẹni. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ajíhìnrere àti akọ̀wé ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ kejì, orúkọ tí baba ọmọ ń jẹ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ sílẹ̀, tí ohun tí ó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo fi di ti gbogbo àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀. Àbíkú tí ó lọ kì í sì fi orúkọ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ní Kòsọ́kọ́ nínú ìdílé yín dúró, ó dàgbà, ó sì bímọ.

Bí àwọn ẹ̀gbọ́n yín bá ṣì fẹ́ pààrọ̀ orúkọ náà, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ búra ní kóòtù, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ bá àgbà tí ó lè ki oríkì yín nílé, kí wọ́n bi í léèrè iye ọmọ tí ìyá Kòsọ́kọ́ ti sin kí ó tó bí i.