Ilé Pẹ́tẹ́ẹ̀sì Àgbádárìgì Nínú Eré Ọkọ̀ Ojú Irin: Kí Ni Kí N Yà, Kí Ni Kí N Fi Sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àgbádárìgì. Mo máa ń fi Open Rails wa ọkọ̀ ojú irin lórí kọ̀ǹpútà, mo sì ti ń ṣe ọ̀nà tèmi báyìí: Blue Line, ojú irin Èkó, tí kò ní parí sí Okokomaiko, àfi tó bá dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Mo fẹ́ kí àwọn ilé àtijọ́ wa wà lójú ọ̀nà náà: ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, Barracoon ti Seriki Abass tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí, àti ibi tí igi Agia wà tẹ́lẹ̀. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya ilé. Mo ya fèrèsé kan, pákó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dára lójú mi. Ìgbà tí mo wá dà á kọ yí ilé ká ni kọ̀ǹpútà mi bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Mi ò ní pláànù ilé náà lọ́wọ́, mi ò sì lè gun òrùlé. Báwo ni mo ṣe máa wọ̀n ọ́n? Kí ni mo lè fi sílẹ̀ tí ilé náà kò fi ní dà bí páálí?

Ọmọ Àjàrá, Àgbádárìgì

ÌDÁHÙN

Ọmọ Àjàrá, o kú ìrònú. Iṣẹ́ mi ni kí n wọn ilé àtijọ́, kí n sì yà á sórí kọ̀ǹpútà fún àwọn tó fẹ́ tún un ṣe. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, pákó kan ò gbọdọ̀ sọnù. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ tún ilé ṣe àti ẹni tó ń wa ọkọ̀ kọjá níwájú rẹ̀ kì í wo ohun kan náà. Ojú awakọ̀ ni kí o máa fi ṣe gbogbo ìpinnu rẹ.

Kí a tó débi fèrèsé, ibo ni ojú irin rẹ gbà? Blue Line tó wà lóde òní gùn ní kìlómítà 13, láti Marina l'Ékòó dé Mile 2, oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Bó bá ti kúrò lórí omi tán, ọ̀nà márosẹ̀ Àgbádárìgì ló ń tọ̀, ibẹ̀ náà ni apá tó kù yóò sì gbà dé Okokomaiko. Bí ìwọ náà bá tọ márosẹ̀ yìí wá sílé, ọwọ́ òsì awakọ̀ ni ìlú yín máa wà, lọ́nà ọ̀sà. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ wà ní Marina tiyín, ó kọjú sí omi. Láti orí márosẹ̀, awakọ̀ rẹ ò ní rí i rárá. Gbogbo pákó tí o fi òru yà yóò wà lẹ́yìn ilé onílé.

Nítorí náà, tẹ ọ̀nà náà. Ojú irin kankan ò tíì dé Àgbádárìgì, kò sẹ́ni tó máa bá ọ jà. Yà á kúrò lórí márosẹ̀ kó tó wọ ìlú, jẹ́ kó gba etí ọ̀sà wọlé, kí ibùdókọ̀ ìkẹyìn sì wà nítòsí Marina. Ọkọ̀ tó fẹ́ dúró kì í sáré, awakọ̀ á ráyè wòran. Iwájú ilé náà ló sì máa rí, ìwọ̀nba ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀yìn ilé lè jẹ́ ògiri pẹlẹbẹ tó ní àwọ̀. Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà tó ń fò kiri lọ wo ẹ̀yìn ilé onílé, ohun tó bá rí níbẹ̀ tọ́ sí i.

Ó di fèrèsé. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ojú kọ̀ǹpútà rẹ fẹ̀ ní píksẹ́lì 1920 (àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán), tí kámẹ́rà inú eré náà sì ṣí ojú tó digrí 60 láti ọ̀tún sí òsì. Ohunkóhun tó bá wà ní mítà 100 sí awakọ̀, píksẹ́lì 17 péré ni mítà kan rẹ̀ máa gbà. Pákó fèrèsé tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 kò tó píksẹ́lì kan níbẹ̀. Ó dìgbà tí ọkọ̀ bá sún mọ́ ọn tó mítà 20 kó tó di píksẹ́lì mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan máa ń jẹ mítà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin àti ààbọ̀.

Wo ohun tí o wá san lórí rẹ̀. Onígun mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà fi ń ya gbogbo nǹkan: pákó kan tí o yà bí àpótí jẹ́ 12. Bí fèrèsé kan bá ní ìlẹ̀kùn méjì, tí ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní pákó 20, ó ti di 480. Fèrèsé 20 á di 9,600, o ò sì tíì mọ ògiri. Bí o bá fi ojú pẹlẹbẹ ṣe fèrèsé kan náà, tí àwòrán pákó wà lára rẹ̀, onígun mẹ́ta méjì ni. Ogún rẹ̀ jẹ́ 40. Ibi tí kọ̀ǹpútà rẹ ti ń falẹ̀ nìyẹn.

Má torí ìyẹn sọ gbogbo ilé di pẹlẹbẹ o, nítorí ibẹ̀ gan-an ni páálí ti ń wọlé. Ohun tó bá ń yí etí ilé padà lójú ọ̀run, àti ohun tó bá ń ju òjìji sára ògiri, ìwọ̀nyí ni kí o yà ní tòótọ́: òrùlé àti bó ṣe yọ kọjá ògiri, àtẹ̀gùn ìta, òpó bó bá wà. Ti fèrèsé wọlé sínú ògiri tó sẹ̀ǹtímítà 10 tàbí 15, kí òjìji lè wà lókè rẹ̀. Èyí nìkan ṣe ju ẹgbẹ̀rún pákó lọ. Lẹ́yìn náà, yan fèrèsé kan tàbí méjì kí o ṣí ìlẹ̀kùn wọn síta. Ilé tí èèyàn ń wọ̀ tó ń jáde nínú rẹ̀, gbogbo fèrèsé rẹ̀ kì í bára dọ́gba.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá o ti yà á tó, kun gbogbo ilé náà ní dúdú, fi funfun sẹ́yìn rẹ̀, gbé kámẹ́rà sí mítà 100, kí o wá pe ọmọ Àgbádárìgì kan tí kò mọ ohun tí ò ń ṣe, kí o bi í pé ilé wo nìyí. Bó bá dá a mọ̀, ìrísí ti pé. Àwọ̀ àti àwòrán ló kù. Bí kò bá dá a mọ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òrùlé. Ìsàlẹ̀ ni gbogbo wa ti ń ya fótò ilé, òrùlé a sì máa dà bí ẹni pé ó tẹ́ ju bó ṣe rí lọ.

Wíwọ̀n ni mo fẹ́ràn jù. Kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ń bójú tó ilé náà, sọ ohun tí o fẹ́ ṣe fún wọn kí o tó yọ téèpù. Àlejò ni wọ́n sábà máa ń rí níbẹ̀. Ọmọ ìlú tó fẹ́ wọn ògiri máa yà wọ́n lẹ́nu, àmọ́ ó ṣeé ṣe kí ó dùn mọ́ wọn. Lo téèpù mítà 30, má lo èyí tí káfíńtà ń gbé sápò. Wọn gígùn àti ìbú ilé nílẹ̀, fífẹ̀ fèrèsé kan, àti àlàfo tó wà láàárín fèrèsé méjì. Nígbà tí o bá mọ fèrèsé àti àlàfo, kíka ló kù.

Gíga ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ àtẹ̀gùn ti wọ̀n ọ́n sílẹ̀ fún ọ. Ka ìgbésẹ̀ tó wà láti ilẹ̀ dé òkè, wọn gíga bíi mẹ́rin nínú wọn, nítorí ẹsẹ̀ èèyàn ti jẹ àwọn kan, kí o sì mú ìpíndọ́gba wọn. Bó bá jẹ́ ìgbésẹ̀ 18, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 18, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ dé ilẹ̀ òkè jẹ́ mítà 3.24. Fún òkè ibẹ̀ lọ, wá ọ̀pá tó gùn ní mítà méjì, kùn ún ní pupa àti funfun ní sẹ̀ǹtímítà 50, 50, fi ti ògiri, kí o sì lọ jìnnà réré kí o tó fi zoom ya fótò. Fótò tí a dúró sún mọ́ ilé yà máa ń tẹ ògiri sẹ́yìn. Gbé fótò náà sínú fSpy, ọ̀fẹ́ ni: o máa fa ìlà lé etí ilé, yóò sì bá ọ ṣírò ibi tí kámẹ́rà wà, kí o wá gbé e wọ Blender. Níbẹ̀ ni o ti máa rí gíga òrùlé láìgun òrùlé.

Ohun kan tún wà. Àwọn òyìnbó ìhìnrere tó kọ́ ilé náà, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń wọn nǹkan, kì í ṣe mítà. Bí téèpù rẹ bá sọ mítà 3.03 níbì kan, tó sọ 3.07 níbòmíràn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni, ìyẹn mítà 3.048, bíríkìlà àti ọjọ́ orí ló mú ìyàtọ̀ wá. Fún eré, fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá síbẹ̀ kí o máa lọ. Ṣùgbọ́n má fi tipá sọ gbogbo ìwọ̀n di ẹsẹ̀ bàtà; ibi tí kò bá bá a mu, ohun tí téèpù sọ ni kí o kọ.

Ẹnìkan á sọ fún ọ pé kí o kàn fi fóònù ya igba fótò, kí Meshroom kó wọn pọ̀ di ilé. Ó ń ṣiṣẹ́, èmi náà ń lò ó láti fi yẹ ìwọ̀n mi wò. Àmọ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún onígun mẹ́ta ló máa kó fún ọ, fèrèsé á wú, etí òrùlé á jẹ àwọ̀ ojú ọ̀run, o ṣì máa tún un yà lé e lórí. Ó sì ń fẹ́ káàdì àwòrán NVIDIA, èyí tí kọ̀ǹpútà tó ń falẹ̀ nítorí fèrèsé lè má ní. Ti dróònù ńkọ́? Má fò ó láìgba àṣẹ.

Àwọ̀ ilé: ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú díẹ̀ ni kí o lọ ya fótò ògiri, kí òjìji má wà lára rẹ̀, nítorí eré náà ní oòrùn tirẹ̀, oòrùn méjì ò sì gbọdọ̀ ràn sára ògiri kan. Kó ògiri, fèrèsé, ilẹ̀kùn àti páànù sínú texture kan ṣoṣo, ìyẹn àwòrán tí a ń lẹ̀ mọ́ ara ilé. Bí texture bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ káàdì ṣe ń pọ̀ tó. Píksẹ́lì 512, 1024 tàbí 2048 ni kí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́. Bí 1024 bá bo ògiri mítà 10, píksẹ́lì kan fún sẹ̀ǹtímítà kan ni, ó sì tó. Ìlà páànù máa ń fi bíi sẹ̀ǹtímítà 7.6 jìnnà síra, láti òkè òrùlé wá sísàlẹ̀ ni wọ́n sì ń lọ, kí omi òjò lè ṣàn. Mo ti rí ilé púpọ̀ nínú eré báyìí tí ìlà páànù wọn dùbúlẹ̀. Ìpẹtà náà kì í bo páànù lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ìṣó àti ibi tí páànù méjì ti gun ara wọn ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ti fáìlì kò pọ̀. Mítà ni kí Blender rẹ máa lò. Fi ojúlé ilé náà sí ìpele ilẹ̀, kí o sì fa ògiri wọlẹ̀ sí i ní mítà kan, kí ilé má baà léfòó bí ilẹ̀ bá dagẹ̀rẹ̀. Ya ilé náà ní ìpele mẹ́ta, bí awakọ̀ bá ṣe jìnnà sí i tó: odindi ilé dé mítà 150, èyí tí fèrèsé rẹ̀ ti di pẹlẹbẹ dé 600, lẹ́yìn ìyẹn, àpótí tó ní òrùlé. Àfikún wà fún Blender tó ń kọ fáìlì .s tí Open Rails ń kà.

Ọdún wo ni ọ̀nà rẹ wà? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì náà ní 1842, wọ́n parí rẹ̀ ní 1845. Ọdún 1901 ni rélùwéè tó dé Ìbàdàn láti Èkó. Ọkọ̀ oníná ni Blue Line, nítorí náà ilé òde òní ni kí o yà, pẹ̀lú wáyà iná àti pátákó tó wà níwájú rẹ̀. Igi Agia náà, lábẹ́ èyí tí wọ́n ti wàásù ní 1842, wó ní 1959. Òpó ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí. Bí o bá gbin igi ńlá síbẹ̀, ọmọ ìlú ló máa kọ́kọ́ mú ọ. Àjàyí Crowther àti Bíbélì Yorùbá, inú ilé ni ìyẹn, má ya inú ilé.

Barracoon kò ga, àárín ilé ló wà, a sì máa ń sọ pé yàrá 40 ló ní. Òrùlé rẹ̀ àti ògiri tó kọjú síta ni awakọ̀ lè rí, fi àgbàlá inú sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn fẹ́ràn kí wọ́n sọ ilé àtijọ́ di ibùdókọ̀ nínú eré. Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí èyí. Ibi tí wọ́n kó ẹrú pamọ́ sí kì í ṣe ibi tí a ti ń ja tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìyókù ọ̀rọ̀ páálí wà lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò. Ilé àtijọ́ tó dá dúró lórí koríko tútù máa dà bí ohun tí wọ́n gé lẹ̀, bó ti wù kó dára tó. Ya ilé lásán márùn-ún, olórí páànù, yí àwọ̀ wọn padà, kó wọn yí i ká, fi igi àgbọn sí etí omi, kí o sì fi ẹrẹ̀ kun ìsàlẹ̀ ògiri níbi tí òjò ti ń ta á. Ṣe àpótí àti òrùlé lásán ná, gbé e sínú eré, wa ọkọ̀ kọjá níwájú rẹ̀, kí o tó pinnu ohun tí o tún máa fi kún un. Pákó fèrèsé tí o ti yà yẹn, má pa á rẹ́: ya àwòrán rẹ̀ láti iwájú nínú Blender, òun ni kí o fi ṣe texture fèrèsé yòókù.