Iná fọ́-wíìlì ń tàn, táyà iwájú kò fà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Hilux ọdún 1996 ni mo fi ń kó kòkó jáde láti oko ní agbègbè Ìdànrè. Bí mo bá fa gíà kékeré (èyí tó ń pín agbára fún táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn) sí H4, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè fà, iná rẹ̀ á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n tí mo bá ti wọ ẹrẹ̀, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń yí. Mẹ́káníìkì ní àfi kí n ra gíà kékeré mìíràn, tòkunbọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀ lórí gíà yẹn. Gbogbo ohun tí iná náà ń sọ ni pé gíà kékeré ti wọlé. Agbára ṣì ní láti gba pùrópẹ́lá iwájú (irin gígùn tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀) lọ sí dífù tó ń pín in sí ọ̀tún àti òsì, kó gba ṣáàfù ọ̀tún àti tòsì, kó tó kan họ́ọ̀bù, ibi tó ń so ṣáàfù mọ́ wíìlì. Ibi yòówù tó bá ti já lójú ọ̀nà yìí, iná á ṣì máa tàn.

Họ́ọ̀bù ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ẹ wo àárín wíìlì iwájú: ohun yíyí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ FREE (kó tú) àti LOCK (kó dì) sí. Méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní LOCK. Bí ẹ bá yí tọ̀tún tí ẹ gbàgbé tòsì, táyà iwájú kankan kò ní fà, torí apá tó bá rọrùn láti yí ni dífù máa ń da agbára sí.

Ó tún lè yí sí LOCK lójú, kí inú rẹ̀ má dì. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta ti táyà ẹ̀yìn, kí ẹ dá gíà kékeré padà sí H2, ìyẹn táyà ẹ̀yìn nìkan. Ẹ fi jáàkì gbé táyà iwájú kan. Ẹ yí họ́ọ̀bù rẹ̀ sí LOCK, kí ẹ wá fọwọ́ yí táyà, kí ẹnìkan máa wo ṣáàfù tó wà lẹ́yìn wíìlì. Ó yẹ kí ṣáàfù bá táyà yí. Bó bá dúró gbagidi, ọwọ́ ti ba àrùn náà nìyẹn. Ẹ tú họ́ọ̀bù. Gírísì tó ti gbẹ mọ́ ẹrẹ̀ àti ìpẹtà lẹ máa ń bá níbẹ̀. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi gírísì díẹ̀ pa á. Díẹ̀ ni mo wí o! Bó bá pọ̀ jù, kò ní jẹ́ kí inú rẹ̀ rìn. Ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dé e, kí omi má tún wọlé.

Àwọn Hilux mìíràn kò ní ohun yíyí yìí. Rọ́bà tín-ín-rín tó ti abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì wá ló ń fa afẹ́fẹ́ kí iwájú tó wọlé. Tiwọn, kí wọ́n kọ́kọ́ wo bóyá rọ́bà náà ti sán.

Bí họ́ọ̀bù méjèèjì bá dára, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ yí wọn sí FREE, ẹ fa gíà kékeré sí H4, kí bíréèkì ọwọ́ ṣì wà lókè. Ẹ fọwọ́ gbá pùrópẹ́lá iwájú mú kí ẹ yí i. Bó bá mì díẹ̀ tó sì kọ̀, gíà kékeré yín wọlé dáadáa. Àfi tó bá ń yí gbirigbiri ni ọ̀rọ̀ mẹ́káníìkì yẹn lè jẹ́ òótọ́. Kódà nígbà náà, kí ó kọ́kọ́ tú u wò níṣojú yín kí ẹ tó ra òmíràn.

Tí ẹ bá ti jáde sí títì ọlọ́dà, ẹ dá a padà sí H2 kíá. Táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í rìn dọ́gba ní kọ́nà, H4 sì dè wọ́n pọ̀, nítorí náà gíà á há. Bó bá há, ẹ fi rìfáàsì rìn sẹ́yìn díẹ̀ ní tààrà, kí ẹ tún fà á.