Kí ló dé tí yàrá kan ṣoṣo fi tutù nínú ilé wa ní ìlú ọba, tí àwọn tó kù lórí zone kan náà (àwọn yàrá tí ìdarí ooru kan ṣoṣo ń ṣàkóso) sì ń móoru?

Ẹ má tíì tú bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná fún ilé, wò. Rèdíétọ̀ yàrá yẹn, irin ara ògiri tí omi gbóná ń gbà kọjá, ni kí ẹ fọwọ́ bà. Bí òkè rẹ̀ bá tutù tí ìsàlẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀: ẹ pa ooru ilé, ẹ jẹ́ kí rèdíétọ̀ tutù, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tú ihò kékeré tó wà létí òkè díẹ̀, àkísà lábẹ́ rẹ̀, títí omi yóò fi jáde. Ẹ dé e padà, kí ẹ wo géèjì bọ́ílà tó ń wọn agbára títì omi. 1 sí 1.5 bar ló dára.

Bó bá tutù látòkè délẹ̀, ẹ tú orí fáàfù rẹ̀, èyí tí a ń yí láti dín ooru rèdíétọ̀ kù tàbí fi kún un. Irin tín-ín-rín inú rẹ̀ sábà máa ń há lẹ́yìn ìgbà ooru. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi máa ta padà sókè fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á yọ, omi á tú jáde.