Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Owó àdéhùn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi èlé gùn lọ́dọọdún

ÌBÉÈRÈ: As-salāmu ‘alaykum, Àfáà wa. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún 19. Pápá ìṣeré Kútọ̀ ni wọ́n ti rí i níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ kan lókè òkun sì fẹ́ gbà á fún ọdún mẹ́ta. Owó kan wà tó yẹ kí wọ́n san fún un lọ́jọ́ tó bá fọwọ́ síwèé. Ajẹ́ńtì rẹ̀ ní kó má gbà á, kó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ náà fún ọdún márùn-ún, wọn yóò máa fi ìdá 8 nínú 100 lé e lọ́dọọdún, bíi ti Bobby Bonilla tó gbá baseball ní Amẹ́ríkà. Èmi bàbá rẹ̀ ni wọ́n ní kí n ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹnu kò kò ní mọ́sálásí wa ní Àdìgbẹ. Àwọn kan ní àdéhùn ọlọ́dún púpọ̀ jẹ́ hàráàmù látilẹ̀. Àwọn kan ní kò sí ríbà, ìyẹn èlé tí ẹ̀sìn kọ̀, níbẹ̀ rárá, torí pé ẹgbẹ́ olówó ló ń san án, ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Wa ‘alaykumu s-salām wa rahmatullāh, arákùnrin mi. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé yẹn, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ sí i bó ṣe wà yẹn.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ní àdéhùn ọlọ́dún púpọ̀ jẹ́ hàráàmù kò gba àkókò. Ẹ ka Súratul-Qasas, ẹsẹ 27. Bàbá àgbà ará Madyan bá Ànábì Mọ́sà ṣe àdéhùn iṣẹ́ ọdún mẹ́jọ, ó ní bó bá pé e ní mẹ́wàá, ìyẹn ti ọwọ́ Mọ́sà wá. Ẹ̀rí wo ni wọ́n tún ń wá? Ní oṣù Kejìlá 2023, Shohei Ohtani tó ń gbá baseball fọwọ́ sí àdéhùn ọdún mẹ́wàá pẹ̀lú Los Angeles Dodgers, mílíọ̀nù 700 dọ́là. Mílíọ̀nù 680 nínú rẹ̀ ni wọ́n sún síwájú, tí wọn yóò máa san láti 2034 sí 2043, láìsí èlé kankan lórí rẹ̀. N kò sọ pé gbogbo ohun tó wà nínú òwò eré ìdárayá ló mọ́ o, ọtí àti tẹ́tẹ́ ti wọ ibẹ̀ jìnnà. Ti owó tí a sún síwájú nìkan ni mò ń sọ. Nínú mọ́sáàbù wa, ìyẹn ọ̀nà òfin ẹ̀sìn tí à ń tẹ̀ lé, ti Ìmámù Málíkì, ẹni tí a gbà síṣẹ́ tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, òun àti ẹni tó gbà á lè fẹnu kò sí ọjọ́ iwájú tí wọn yóò san owó ọ̀yà, bí iye rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ bá ti hàn. Hádíìsì tó ní ká san owó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ, ẹni tó ń fi owó oníṣẹ́ falẹ̀ ló ń bá wí, kì í ṣe ẹni méjì tó ti jọ fi ọjọ́ sí i.

Ti Bonilla kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀. Mo mọ̀ pé gbogbo 1 Oṣù Keje làwọn ọ̀dọ́ máa ń pín ìtàn rẹ̀ kiri lórí fóònù bí ẹni pé ọgbọ́n ńlá ni. Lọ́dún 2000, ẹgbẹ́ New York Mets kò fẹ́ ẹ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì jẹ ẹ́ ní mílíọ̀nù 5.9 dọ́là. Dípò kí wọ́n san án, wọ́n jọ gbà pé kí owó náà dúró di 2011, kí èlé ìdá 8 nínú 100 máa gùn ún lọ́dọọdún. Láti 2011 ni wọ́n ti ń san nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 dọ́là fún un lọ́dún, yóò sì máa rí bẹ́ẹ̀ títí di 2035. Gbèsè tó jẹ́ mílíọ̀nù 5.9 á wá lé ní mílíọ̀nù 29.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Ìmámù Málíkì gbà wá láti ẹnu Zayd ọmọ Aslam nípa ríbà ayé àìmọ̀kan, ṣáájú Ìsìláàmù. Ó ní bí ọjọ́ gbèsè bá pé, olówó á bi onígbèsè pé: “Ṣé wàá san án ni, àbí wàá jẹ́ kó lé?” Bó bá san án, ó parí. Bí kò bá san án, á lé e, wọ́n á sì tún ọjọ́ dá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ti ìwé Bonilla lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ló fi yàtọ̀?

Ó ń ṣẹlẹ̀ níbí náà. Ìyá aláàdìrẹ kan ní Ìtọ́kú á ta ọjà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà láwìn oṣù méjì. Ọjọ́ á pé, oníbàárà á ní, “Ìyá, ẹ ṣì fi sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, màá fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lé e.” Ìyá á rẹ́rìn-ín, oníbàárà á rẹ́rìn-ín, ríbà ti wọlé. Ká ní àtilẹ̀ ni ìyá ti sọ pé iye báyìí ni òun ń ta á láwìn, tí wọ́n fẹnu kò sí iye kan ṣoṣo kí wọ́n tó túká, òwò ni, bí owó náà tilẹ̀ ju ti ọwọ́-sí-ọwọ́ lọ. Iye yẹn kò ní í yí padà mọ́, bó pẹ́, bó yá. Àwọn tó ń béèrè pé kí ni ìyàtọ̀ kí wọ́n lọ ka Súratul-Baqarah, ẹsẹ 275. Ọlọ́hun ti dá irú wọn lóhùn níbẹ̀: àwọn tó ní òwò náà bíi ríbà ni. Ó ṣe òwò ní ẹ̀tọ́, ó sì ṣe ríbà ní èèwọ̀.

Ní ti ẹni tó ní ó tẹ́ ẹni tó ń san án lọ́rùn, inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ pé ẹni tó kàwé ló sọ ọ́. Ta ló sọ fún un pé ìtẹ́lọ́rùn ń sọ èèwọ̀ di ẹ̀tọ́? Àwọn tó jẹ Abbas, àbúrò bàbá Ànábì, lówó náà ti gbà pẹ̀lú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ní Hájì Ìdágbére, ríbà Abbas gan-an ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ́kọ́ wọ́gi lé. Ìdí tó fi tẹ́ àwọn tó ni Mets lọ́rùn ni pé wọ́n ń kó owó fún Bernie Madoff, ará Amẹ́ríkà kan tó ní òun ń bá àwọn èèyàn fi owó wọn ṣòwò, wọ́n sì gbà pé èrè ibẹ̀ yóò ju ìdá 8 lọ dáadáa. Ní oṣù Kejìlá 2008 ni àṣírí Madoff tú, jìbìtì ni gbogbo rẹ̀.

Wọ́n á tún ní náírà ń jábọ́, pé àfikún yẹn ló ń dí i. Ohun tó gbajúmọ̀ jù nínú mọ́sáàbù wa ni pé iye tí a jẹ la ó san, bí owó náà tilẹ̀ fúyẹ́. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù kó ṣe àdéhùn rẹ̀ ní dọ́là tàbí yúrò.

Ẹ̀yin gan-an ló ká mi lára jù, torí ẹ̀yin ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí. Jabir ọmọ Abdullah gbà á wá pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ṣẹ́bi lé ẹni tó ń jẹ ríbà, ẹni tó ń fún un jẹ, ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ méjèèjì, ó ní ọgbọọgba ni wọ́n. Ajẹ́ńtì kò ní sọ ìyẹn fún yín.

Kí ọmọ gba owó rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fọwọ́ síwèé, ìyẹn ló rọrùn jù. Bí ẹgbẹ́ náà bá ní ó di ọjọ́ iwájú dandan, kí wọ́n fa ìwé yẹn ya, kí wọ́n dúnàádúrà lọ́tun lórí gbogbo owó ọdún mẹ́ta náà. Kí wọ́n kọ iye kan ṣoṣo síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọn yóò san apá kọ̀ọ̀kan, láìsí ìdá kankan nínú ọgọ́rùn-ún. Kí wọ́n má ṣe ìṣirò ìdá 8 yẹn ní kọ̀rọ̀ kí wọ́n wá pè é ní orúkọ mìíràn o. Ìmámù Málíkì kì í fi ojú rere wo ọ̀nà ẹ̀bùrú tó ń já sí ríbà. Bí wọ́n bá wá pẹ́ kí wọ́n tó san án, ojú owó rẹ̀ nìkan ni tirẹ̀, bí Ọlọ́hun ṣe sọ nínú Súratul-Baqarah, ẹsẹ 279: “Ẹ kò ní í ṣàbòsí, a kò sì ní í ṣàbòsí sí yín.” Bí wọ́n bá ti àfikún kan sí àpò ìfowópamọ́ rẹ̀ láìbéèrè, kó yọ ọ́ fún àwọn aláìní, kó má retí láádá lórí rẹ̀.

Sàká kò sí lórí owó ọ̀yà tí kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọjọ́ tó bá gbà á ni kó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún kan, bó bá ti tó ìwọ̀n tí sàká ń jáde lára rẹ̀.

Tí wọ́n bá fi ìwé tuntun ránṣẹ́, ẹ mú un wá lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí ọmọ náà bá yín wá, ká jọ kà á tán kó tó fọwọ́ sí i.