“Kristẹni Ni” Kò Tó Láti Fi Yan Gómìnà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n agbẹjọ́rò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mò ń gbé, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ nínú ìjọ wa. Ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ́ di gómìnà jẹ́ pásítọ̀. Àwọn àgbà ìjọ fẹ́ kó wá bá wa sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ lọ́jọ́ ìdúpẹ́, wọ́n sì ní kí n tẹ ìwé pélébé tí a ó pín fún àwọn ará, pé Kristẹni ẹgbẹ́ wa ni kí a dìbò fún. Wòlíì kan náà ti sọ pé òun ni Ọlọ́run yàn. Báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá Kristẹni tòótọ́ ni, kí a má baà ṣi ìbò wa dì? Ǹjẹ́ ó burú bí mo bá tẹ ìwé náà?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ ìwé pélébé yẹn ni kí n kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló lè kó ọ sí wàhálà kíákíá. Má tẹ̀ ẹ́. Bá mi sọ fún àwọn àgbà ìjọ pẹ̀lú pé kí wọ́n má gbé gbohùngbohùn lé ọkùnrin náà lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Abala 92 nínú Òfin Ìdìbò 2022 sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ lo ilé ìjọsìn fún ìpolongo ìbò, a kò gbọdọ̀ fi polówó ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí olùdíje, a kò sì gbọdọ̀ fi bú wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀. Abala 97 tún wá le jù ú lọ: olùdíje ni o, ẹlòmíràn ni o, ẹgbẹ́ ni o, ẹnikẹ́ni tó bá fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà polongo láti gbe ẹnìkan lẹ́yìn tàbí láti takò ó, ó ti rú òfin. Ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦1,000,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì pọ̀. Ti ẹgbẹ́ òṣèlú lè tó ₦10,000,000. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé olóṣèlú nìkan ni òfin yìí ń bá wí, pé pásítọ̀ àti akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kò sí níbẹ̀. Irọ́ ni. Orúkọ ẹni tó tẹ ìwé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Inú òfin 2022 ni mo ti mú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí. Òfin Ìdìbò 2026 ti rọ́pò rẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà abala àti iye owó lè ti yí. Kí agbẹjọ́rò ìjọ yín fi wé ẹ̀dà tó wà lóde kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́sẹ̀. Ìdáhùn gbogbogbòò ni tèmi yìí, n kò rí ìwé tí ẹ fẹ́ tẹ̀.

Kí olùdíje wá jọ́sìn, kó jókòó láàárín èrò, kó fi ọrẹ sínú igbá, kò sí òfin tó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí pásítọ̀ gbàdúrà fún un, kò burú lójú tèmi. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tí àdúrà bá di “ẹ bá wa gbé e wọlé”, tí fìlà tó ní àmì ẹgbẹ́ bá wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, tí àpò ìrẹsì bá ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ti ìrẹsì yẹn, abala 121 nínú òfin 2022 ló bójú tó o: ẹni tó fún ni nítorí ìbò jẹ̀bi, olùdìbò tó gbà á nítorí ìbò jẹ̀bi. “Dìbò kóo sebẹ̀” tí a mọ̀ ní Èkìtì níhìn-ín kò di ohun mímọ́ torí pé àgbàlá ìjọ ni wọ́n ti pín in.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ẹ gba gbọ̀ngàn ìlú. Ẹ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ mẹ́ta ó kéré tán, ẹ fi ìbéèrè kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹni tó máa darí ètò má jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kankan nínú wọn. Ẹni tí kò bá wá, ẹ sọ fún àwọn èrò pé ẹ pè é, kò wá. Ẹ má gba ọrẹ níbẹ̀.

Ó yá, ìbéèrè rẹ gan-an. Ibi tí o gbà wọ̀ ọ́ ni kò dáa. O ní báwo lẹ ṣe lè mọ̀ bóyá Kristẹni tòótọ́ ni. Ẹ kò lè mọ̀. Èmi kò lè mọ̀, pásítọ̀ rẹ kò lè mọ̀. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ tó ń wá kò sì bi í ní ìbéèrè yẹn. Abala 177 nínú Ìwé Òfin 1999 ka ohun tí ẹni tó fẹ́ ṣe gómìnà gbọ́dọ̀ ní: kó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí, kó ti pé ọdún 35, kó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó fà á kalẹ̀, kó ti kàwé dé ìwé mẹ́wàá ó kéré tán. Abala 10 ní ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba. Abala 222 ní orúkọ tàbí àmì ẹgbẹ́ òṣèlú kò gbọdọ̀ fi ti ẹ̀sìn tàbí ti ẹ̀yà hàn. Nígbà tí o bá gba bébà ìbò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ INEC, wò ó dáadáa: àmì ẹgbẹ́, orúkọ ẹgbẹ́ ní ìkékúrú, àti àlàfo tí o ó tẹ̀ka sí. Orúkọ olùdíje pàápàá kò sí níbẹ̀, áḿbọ̀ǹtórí ìjọ tó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń bí mi nínú, torí mo ń gbọ́ ọ ní gbogbo ọdún ìdìbò: “Ẹni tó bá jẹ́ Kristẹni, kò ní kówó ìlú jẹ.” Mo mọ̀ pé tọkàntọkàn lẹ fi ń sọ ọ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń jẹ́rìí sí i fún yín. Oyè ìjọ ni: Bàbá Ìjọ, Asíwájú Onígbàgbọ́. Ọ̀pọ̀ ìjọ ń fi oyè bẹ́ẹ̀ dá ẹni tó lówó lọ́lá, kí wọ́n lè rí ilé ìjọsìn kọ́ parí. Fọ́tò pẹ̀lú ìránṣẹ́ Ọlọ́run ńlá ni: ẹni tó bá rí ẹni mú un wọ àgọ́ àdúrà yóò ya fọ́tò. Ẹsẹ Bíbélì lára pátákó ìpolongo ni: ẹni tó ń kọ pátákó ló bá wọn yan ẹsẹ náà nígbà mìíràn. Ẹni rere lè ní gbogbo ìwọ̀nyí. Olè náà lè fi owó rà gbogbo wọn láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ̀rí tí olódodo àti òpùrọ́ lè jọ mú wá bákan náà kì í ṣe ẹ̀rí ní kóòtù, kì í sì í ṣe ẹ̀rí ní ibùdó ìdìbò.

Kí a wo ìtàn wa náà. Ní 1979, UPN ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba ìpínlẹ̀ márùn-ún. Adékúnlé Ajáṣin wà ní Oǹdó, tí Èkìtì wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Bọ́lá Ìgè wà ní Ọ̀yọ́. Lateef Jákàńdè wà ní Èkó. Kristẹni ni Ìgè, Mùsùlùmí ni Jákàńdè. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ṣe. Ní Èkó, Jákàńdè kọ́ ilé ìwé lọ bẹẹrẹ kí àwọn ọmọ lè bọ́ nínú kí àwọn kan máa lọ láàárọ̀, kí àwọn kan máa lọ lọ́sàn-án. Ètò tí ẹgbẹ́ kọ sílẹ̀ ló dè wọ́n pọ̀, àwọn èèyàn sì fi ètò náà mú wọn. Bó o bá ti fi ẹ̀sìn nìkan yan gómìnà ní Èkó nígbà náà, wàá ti fi ẹni tó kọ́ ilé ìwé fún ọmọ rẹ sílẹ̀.

Ní tòsí wa, pásítọ̀ ni Yẹmí Òṣínbàjò, igbákejì ààrẹ láti 2015 sí 2023. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ìwàásù rẹ̀ kọ́ ni yóò lọ gbọ́. Yóò wo àwọn ètò bíi TraderMoni, ₦10,000 tí wọ́n kọ́kọ́ ń yá oníṣòwò kéékèèké: ta ló rí i gbà, ta ló san án padà, kí ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ìdìbò ààrẹ 2023, Mùsùlùmí ni olùdíje APC, Mùsùlùmí ni igbákejì rẹ̀, ariwo sì gba inú ìjọ kan. Èkìtì tí Kristẹni pọ̀ sí yìí fún APC ní ìbò 201,494. PDP ní 89,554. LP, tí Kristẹni ni olùdíje rẹ̀, ní 11,397. N kò sọ pé wọ́n yàn dáadáa tàbí wọn kò yàn dáadáa. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwa fúnra wa ń wo nǹkan mìíràn nígbà tó bá wù wá. Kí a má wá máa fi ẹ̀sìn bojú nígbà tó bá kan ẹni tó fún ìjọ ní jẹnẹrétọ̀.

Ti wòlíì. Èkìtì kò kóyán wòlíì kéré. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni wọ́n sin Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá sí, àwọn onígbàgbọ́ sì ń lọ gbàdúrà níbẹ̀ títí dòní. Ìyẹn gan-an ló fi yẹ kí a ṣọ́ ẹni tó ń pe orúkọ Ọlọ́run sí ọ̀rọ̀ ìbò. Ìran kan kò yí òfin padà, kò sì gba olùdìbò sílẹ̀ lọ́wọ́ àtiṣe ìwádìí. Bí wòlíì kan bá sọ pé ègún ń bẹ lórí ẹni tí kò bá dìbò fún lágbájá, ẹ̀rù ló ń fi tajà. Ìbò rẹ ìkọ̀kọ̀ ni. Bí wọ́n bá mú ọ búra lé Bíbélì pé o ó dìbò fún ẹnìkan, kò sí kóòtù tó máa mú ọ sí ìbúra yẹn.

Ṣé kí Kristẹni fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílé ni? Rárá o. Abala 38 Ìwé Òfin fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á gbọ́ àti láti sọ ọ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí Jẹ́tírò sọ fún Mósè: àwọn tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni, àmọ́ ó ní kí wọ́n jẹ́ ẹni tó mọṣẹ́, ẹni òtítọ́, ẹni tó kórìíra ojúkòkòrò pẹ̀lú. Ẹ̀yin mú ọ̀kan, ẹ fi mẹ́ta sílẹ̀. Ẹ bi olùdíje níbi tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti máa kan owó àti òfin. Ilé ìwé tí ìjọ dá sílẹ̀, irú Christ's School ní Adó-Èkìtì tí Áńgílíkà dá sílẹ̀ ní 1933, ṣé ó máa dá wọn padà fún ìjọ? Bó bá dá wọn padà, ta ni yóò máa san owó oṣù olùkọ́? Ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ oníṣẹ̀ṣe tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Ṣé owó ìpínlẹ̀ ni yóò máa gbé èèyàn lọ sí Jerúsálẹ́mù àti Mẹ́kà, iye èèyàn mélòó?

Kí ẹ sì rántí ìbúra gómìnà tó wà nínú Àfikún Keje Ìwé Òfin. Kristẹni lè di Bíbélì mú ṣe é, yóò sì fi “kí Ọlọ́run ràn mí lọ́wọ́” parí rẹ̀. Ohun tó ń búra lé lórí ni pé òun yóò ṣe ẹ̀tọ́ fún onírúurú èèyàn bí òfin ti wí, láìbẹ̀rù, láìṣojúsàájú, láìfi ìfẹ́ tàbí ìkórìíra ṣe é. Olùdíje tó bá ń sọ fún yín pé àwọn ará ìjọ ni yóò kọ́kọ́ rí iṣẹ́ gbà, ó ń ṣèlérí láti da ìbúra tó máa fi Bíbélì yẹn ṣe.

Ohun tí ẹ lè wò wà nílẹ̀. Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Bó ti ṣe alága káńsù rí, ẹ bi àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ibẹ̀ bóyá owó oṣù wọn wọlé. Ẹ lọ wo ọjà tàbí afárá tó ní òun kọ́. Bó ti ṣe aṣòfin, ẹ béèrè àbá òfin tó gbé wá. Bó bá jẹ́ ìjọ nìkan ló ti darí, ìyẹn náà tó yẹ̀ wò: ṣé ìjọ náà ń ka àkọsílẹ̀ owó sétígbọ̀ọ́ ọmọ ìjọ lọ́dọọdún? Ta ni olùyẹ̀wò owó, ṣé àna rẹ̀ ni àbí àjèjì? Ṣé awakọ̀ àti ọdẹ ìjọ ń gba owó wọn lásìkò? Bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá máa hàn sí yín níbikíbi, ibẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka fọ́ọ̀mù EC9, ìwé ìbúra tí olùdíje fi ń kọ ìtàn ara rẹ̀ fún INEC. Ṣé ọjọ́ ìbí inú rẹ̀ bá ti ìwé ẹ̀rí mu? Ṣé orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí ló ń jẹ́ báyìí, bí kì í bá ṣe òun, ìwé ìyípadà orúkọ dà? Ilé ìwé tó ní òun ti jáde, ṣé wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún yẹn? Abala 182 Ìwé Òfin ní ẹni tó bá fún INEC ní ìwé ẹ̀rí ayédèrú kò lè ṣe gómìnà. Bí nǹkan bá rú ọ lójú, má kọ “ayédèrú” sórí Facebook, torí ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ ń bẹ. Ẹni tó bá a du tíkẹ́ẹ̀tì nínú ìdìbò abẹ́lé ni òfin 2022 fún láyè láti gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀. Tìrẹ ni kí o mọ̀, kí o fi dìbò.

Abala 29 nínú Òfin Ìdìbò 2022 fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà; kí agbẹjọ́rò yín fi wé òfin 2026. Kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì INEC ní Adó-Èkìtì, kọ orúkọ olùdíje, ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ipò tó ń dù sí i. Mú ẹ̀dà méjì dání kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan fún ọ, san owó tí wọ́n bá dá, gba rìsíìtì, kí o máa ka ọjọ́ 14 tí òfin 2022 fún INEC láti fi fún ọ ní ẹ̀dà náà, láti ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀ yẹn.